Wọ́n Ní Àwọn Kò Mọ Aṣojú

Aṣojú ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìjọba kọ́ ló fún un lórúkọ náà. Ẹnu Àǹtí Aránṣọ, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ti jáde. Nígbà tó wà ní kékeré, bí ayálégbé méjì bá ń jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọ balùwẹ̀, òun ni yóò dúró láàrin wọn. Yóò gbé ọ̀rọ̀ èyí lọ bá tọ̀hún, yóò sì ti yọ èébú inú rẹ̀ dànù lójú ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá ní, "Lọ sọ fún ọ̀lẹ yẹn," bó bá dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún, yóò ní, "Wọ́n ní kí n kí yín." Àǹtí Aránṣọ ní aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè ni eléyìí máa dà. Ó fi ṣàwàdà ni. Ọmọ náà kò mọ̀ pé àwàdà ni.

Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú kó tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Yàrá kan àti ìdajì ni bàbá àti ọmọ ń gbé, nínú ilé kan tó kún fún ayálégbé, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Yàrá Àǹtí Aránṣọ kọjú sí tiwọn. Bí maṣíìnì rẹ̀ bá ti dákẹ́, ẹ mọ̀ pé ó ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ.

Bíríkìlà gun igi, ó gun àkàbà, ó fi orí ru yanrìn títí ọmọ fi jáde ní yunifásítì. Ọmọ jáde tán, iṣẹ́ kò sí. Ó padà wá bá bàbá rẹ̀ nídìí sìmẹ́ńtì. Wọ́n jọ ń lẹ táìlì sílé ọlọ́lá. Ṣùgbọ́n àlá kò kúrò lójú rẹ̀. Ó fẹ́ ṣe ìdánwò iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ó fẹ́ kí wọ́n rán òun lọ jókòó níwájú àwọn àjèjì, kó máa gba ẹnu orílẹ̀-èdè rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bí wọ́n bá ti kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ń lẹ táìlì sí, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá yóò dárúkọ orílẹ̀-èdè kan, ọmọ yóò sọ olú ìlú rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń tà fún aráyé kó tó fi ọwọ́ lu táìlì náà mọ́lẹ̀. Bàbá kò mọ ìdáhùn rárá. Orúkọ àwọn ìlú náà, orí rédíò ló ti gbọ́ wọn. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Bí ìpéǹpéjú ọmọ bá gbọ̀n báyìí, bàbá á ní, "O ò mọ ìyẹn. Ilé lọ, kà á." Kò sì ṣì í rí.

Ó nílò Faransé. Kò sí owó olùkọ́. Awakọ̀ tírélà kan tó máa ń gbé táìlì kọjá ẹnubodè ló kọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Nígbà tó kọ́kọ́ lọ ṣe ìdánwò náà, obìnrin tó ń gbọ́ Faransé rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní Faransé yìí kò ṣàṣìṣe o, àmọ́ irú èyí tí wọ́n fi ń lé ènìyàn kúrò lójú títì ni. Àǹtí Aránṣọ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí àwọn òyìnbó bá fẹ́ rẹ́ orílẹ̀-èdè wa jẹ, èdè tí a máa sọ sí wọn ti wà nílẹ̀.

Kò yege nínú ìdánwò yẹn. Ó tún ṣe é, kò tún yege, díẹ̀ báyìí ló kù. Wọ́n fi gbèdéke ọjọ́ orí sí iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ti kọjá rẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì. Èyí tó tún fẹ́ ṣe yìí ni ìkẹyìn. Bàbá mọ̀. Àyà ti ń dun bàbá nígbà náà, kì í lè gun àkàbà mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wú. Ó wá di pé ilé ló ń wà, ọmọ nìkan ló ń lọ síbi iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá á jókòó sórí àga onígi, á fa ojú ro.

"Èmi ni ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Mo fẹ́ gba etí odò yín. Kí lẹ rí sọ?"

Aṣojú á tẹríba díẹ̀. Á ní ìjọba òun kí ìjọba bàbá. Á ní odò náà ti ń ṣàn kí baba ńlá ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí á jọ wo bí a ó ṣe máa mu ún. Bàbá á mi orí.

"O ti fún mi ní ìdajì. Tún un sọ."

Á tún un sọ. Ọjọ́ mìíràn á tún un sọ títí oúnjẹ á fi tutù. Bàbá máa ń wí fún un pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, búburú ní í yọ ọfà lápó, àmọ́ ẹni tó bá ń sọ rere nìkan, wọ́n á gba àpò mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí olùkọ́ tó sọ irú rẹ̀ fún un ní yunifásítì.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó yege. Ó yege nínú ti ìwé. Ó yege nínú ti Faransé pàápàá. Ó dé iwájú àwọn àgbà iléeṣẹ́ náà, wọ́n bi í lọ́rọ̀, ó dáhùn. Táì bàbá ẹnì kan nínú ilé ló wọ̀ lọ. Àǹtí Aránṣọ ló gé e kúrú. Nígbà tí wọ́n parí, àgbà kan nínú wọn bá gbogbo àwọn tó yege sọ̀rọ̀. Ó ní ohun kan ló kù. Ó ní àwọn yóò rán ènìyàn lọ sí ibi tí oníkálukú ń gbé, láti lọ béèrè irú ènìyàn tó jẹ́. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún ará ilé rẹ̀. Ẹni tó bá lọ kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ, àwọn á mọ̀, àwọn á sì yọ ọ́.

Aṣojú gbé ọ̀rọ̀ náà délé bí ẹni gbé ẹyin. Àṣírí àkọ́kọ́ tí ìjọba fi lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Bàbá bi í pé kí ló kù. Ó ní ó ku díẹ̀. Bàbá wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ayọ̀ ló wà níbẹ̀, kò tún béèrè mọ́.

Ohun tí kò rántí ni òfin ilé wọn.

Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Bí àjèjì bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, tó fi orúkọ ní kíkún béèrè ènìyàn, èsì kan ṣoṣo ló wà. A ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ, inagijẹ ni yóò fi wá ọ. Yóò ní òun ń wá Bíríkìlà, òun ń wá Aránṣọ. Ẹni tó bá ka orúkọ rẹ bí ẹni ka ìwé ẹjọ́, ibi ló ti ń bọ̀. Bíríkìlà fúnra rẹ̀ ló fi òfin náà lélẹ̀. Ó ní àbúrò kan lọ́kùnrin, tó ń gbé yàrá ìkẹyìn. Àwọn ènìyàn kan wọ aṣọ mímọ́ wá béèrè rẹ̀. Ayálégbé kan tó fẹ́ ṣe dáadáa mú wọn dé ẹnu ọ̀nà, ó tún bá wọn kan ilẹ̀kùn. Wọ́n mú un lọ sí àtìmọ́lé. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní àṣìmú ni, ẹlòmíràn ni àwọn ń wá. Ó padà wálé, kò lè gbé korobá omi mọ́. Kò pẹ́ tó fi kú. Láti ìgbà náà ni ẹnu gbogbo ilé ti kò.

Aṣojú mọ òfin yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tó wà lọ́mọdé, òun ni wọ́n máa ń tì síwájú. Kì í wo ilẹ̀, kì í ṣẹ́jú. "A ò mọ̀ ọ́n, sà." Àjèjì á yí padà. Àmọ́ ohun tí ènìyàn bá ti mọ̀ tó báyẹn, kì í rántí rẹ̀ mọ́. Ta ló ń rántí pé òun ń mí?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti ibi iṣẹ́ dé, sìmẹ́ńtì ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ó bá bàbá àti Àǹtí Aránṣọ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Inú bàbá dùn bí ti ìgbà tó ṣì ń gun àkàbà.

"Àwọn kan wá ọ wá lónìí," bàbá wí. "Ọkùnrin kan, obìnrin kan. Kóòtù ni wọ́n wọ̀. Wọ́n pe orúkọ rẹ títí kan ti bàbá mi."

Aṣojú gbé ike omi tó fẹ́ mu sílẹ̀. "Kí lẹ sọ fún wọn, Bàbá?"

"Kí la máa ń sọ? Mo ní a ò mọ̀ ọ́n. Obìnrin yẹn ní ilé yìí ló wà nínú ìwé. Mo ní, ẹ̀n-ẹ́n, àbí gbájúẹ̀ yẹn ni, tó ti sá lọ tipẹ́? Mo ní kò sí ẹni tí kì í wá a wá síbí, kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú." Bàbá nu omi ojú. "Àǹtí rẹ náà tún ti ẹ̀yìn maṣíìnì fi tirẹ̀ kún un. Ó ní o jẹ òun náà lówó. Wọn ò ní padà wá mọ́. A lé wọn dáadáa."

Àǹtí ní kí ó wulẹ̀ wo bí ojú ọkùnrin náà ṣe rí nígbà tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Aṣojú dúró. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Bàbá fi ọwọ́ di àyà mú torí ẹ̀rín ti di ikọ́. Ó ń retí kí ọmọ yin òun.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ni Aṣojú wí.

Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó lọ jókòó sórí kànga tí wọ́n ti dí. Kò sunkún. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rẹ̀, ó lọ sí iléeṣẹ́ náà. Wọ́n ní kó jókòó. Àwọn àga tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra ni, bí ẹnì kan bá dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ìwọ náà á mì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n wá pè é wọlé sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń mójú tó ìwádìí. Ọkùnrin náà ń fi etí táì nu gíláàsì ojú rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti gbọ́ nípa Aṣojú, ó ní ìdáhùn rẹ̀ dára níwájú àwọn àgbà, inú òun bàjẹ́ sí i.

"Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde," ọ̀gá náà wí. "Tìrẹ, ilé ni wọ́n ti bọ́ ọ sí ìhòòhò. Àgbàlagbà kan ní gbájúẹ̀ ni ọ́."

Aṣojú ní àṣìṣe ni. Ó ní ibẹ̀ ni òun ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí.

Ọ̀gá náà fi gíláàsì sójú. Ó ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní bí kò bá gbé ibẹ̀, á jẹ́ pé ó purọ́ fún ìjọba. Bó bá sì ń gbé ibẹ̀, á jẹ́ pé bàbá àgbà yẹn ló purọ́ fún àwọn tí ìjọba rán. Ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ó ní àwọn á ní láti rán ènìyàn padà, kí wọ́n mú un wá, kí ó wá sọ ìdí tó fi purọ́.

"Ta ni bàbá yẹn sí ọ?"

Aṣojú rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn. Ó rí àwọn aláṣọ mímọ́ tí wọ́n ń wọlé. Ó rí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ tó wú, tí wọ́n ń fà á sínú ọkọ̀ tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga. Ó rí yàrá ìkẹyìn. Ẹnu rẹ̀ là kó tó rò ó. Kò wo ilẹ̀. Kò ṣẹ́jú.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

Ọ̀gá náà mú bírò. Ó ní, "Á jẹ́ pé o ò gbé ibẹ̀ nìyẹn." Bírò náà fa ìlà kan lé orúkọ Aṣojú lórí, ó tán.

Bóyá ìwé lásán ni wọn ì bá ní kí bàbá náà tẹ̀ka sí. Bóyá wọn ì bá rẹ́rìn-ín, kí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Kò mọ̀. Kò sí ẹni tó lè bi. Gbogbo ohun tó ti kọ́, bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ kí á má fi ilẹ̀ tọrẹ, kí á má sì dá ogun sílẹ̀, ó dé ojú ẹ̀, kò rántí ọ̀kan. Òfin ilé nìkan ló wá sí i lẹ́nu.

Ó délé, ó ní wọ́n ti sún un sí ọdún tó ń bọ̀. Bàbá wo ojú rẹ̀. Bàbá kò sọ pé o ò mọ ìyẹn. Ó kàn yí ojú sí ibòmíràn, ó ní kó lọ jẹun.

Àǹtí Aránṣọ ló sọ̀rọ̀ náà fún. Kò lè dá a gbé. Àǹtí fi aṣọ tó ń rán bojú, ó ní, "A pa á. Àwa tó yẹ ká fẹ́ ẹ lójú, ata la fi sẹ́nu." Aṣojú bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún bàbá. Ó ṣe ìlérí. Ó gbìyànjú. Àmọ́ bàbá kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń lọ jókòó ti maṣíìnì rẹ̀ tó ń béèrè pé kí ló dé tí ọmọ òun kò kàwé mọ́, kí ló dé tí kì í fẹ́ kí òun ṣe ìjọba ilẹ̀ òkèèrè mọ́. Lọ́jọ́ kan, Àǹtí dá maṣíìnì dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn oníkóòtù yẹn, iṣẹ́ ọmọ yín ni wọ́n wá ṣèwádìí. Ìjọba ló rán wọn. Àwa la sọ pé a ò mọ̀ ọ́n."

Bàbá fi ọwọ́ pa orúnkún títí. Ohun tó wá béèrè ni pé, "Ṣé wọn ò lè padà wá?"

Àǹtí wo àyà rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò. Kò lè fi òtítọ́ pa á lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Wọ́n lè padà wá."

Láti ọjọ́ kejì ni bàbá ti gbé àga lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára jù, ó fi fìlà dé orí. Ẹnikẹ́ni tí ìrìn rẹ̀ bá ti jọ ti àjèjì, bàbá á dìde. Ẹni tó wá wo mítà iná. Ẹni tó wá wàásù. Ẹni tó ṣìnà. Á pe orúkọ ọmọ rẹ̀ ní kíkún, ó ní, ṣé òun lẹ ń wá? Ó ń gbé níbí. Ọmọ mi ni. Èmi ni mo bí i. Kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Bí onítọ̀hún bá fẹ́ lọ, á fi ọwọ́ di apá aṣọ rẹ̀ mú títí ó fi máa sọ ọ́ tán. Àwọn ará ilé á gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá. Kò sí ẹni tó ń ṣàwàdà mọ́ níbẹ̀.

Aṣojú ń rí i. Lójoojúmọ́ ló ń pinnu pé òun máa sọ fún un pé wọn ò ní wá, pé ọjọ́ orí òun ti kọjá, pé ó ti tán. Á jókòó tì í, á la ẹnu, á bi í bóyá ó ti lo oògùn.

Lọ́jọ́ kan, ó ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó bá bàbá tó di ọkùnrin kan mú. Yàrá ni ọkùnrin náà ń wá tó fẹ́ yá. Bàbá ti bá a sọ̀rọ̀ títí òógùn fi ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Bí ó ti rí Aṣojú, ó na ọwọ́.

"Òun nìyí. Ẹ wò ó. Ṣé mo purọ́?"

Ọkùnrin náà wo Aṣojú, ó wo sìmẹ́ńtì ara ṣòkòtò rẹ̀, ó ní àwọn ti pàdé, ó dáa, ó bá tirẹ̀ lọ. Bàbá jókòó padà. Èémí rẹ̀ ń há.

"Ṣé mo sọ ọ́ dáadáa?"

"Ẹ sọ ọ́ dáadáa, Bàbá."

"Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Bàbá mi orí, ó ní kó bá òun ṣí fìlà yẹn díẹ̀, ooru mú. Aṣojú ṣí i. Orí bàbá ti gbóná.

Kò pẹ́ sígbà náà tó fi kú. Orí ibùsùn ló kú sí, ojú rẹ̀ kọ sí ògiri, kò sì sọ ohunkóhun tí ènìyàn lè máa rántí. Wọ́n sin ín. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, Aṣojú padà síbi iṣẹ́, nítorí ilẹ̀ balùwẹ̀ kan wà tó ti lẹ dé ìdajì. Ó pò sìmẹ́ńtì, ó kúnlẹ̀, ó di táìlì kan mú lọ́wọ́ títí sìmẹ́ńtì fi ń gbẹ. Onílé ibẹ̀ yọjú, ó wò ó, ó bi í bóyá nǹkan ń ṣe é.

Ó ní kò sí nǹkan.